Ta ló ṣì ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri ìgboro Àjàṣẹ́?

Ọmọ_Àtakè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ẹ bá mi gbọ́ ọ. Láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní ilẹ̀ Benin) ní àárọ̀ Sátidé. Dókítà kọ́ ló ní kí n máa rìn, alùpùpù mi ò sì bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí mo bá jáde nílé, mi ò ní ibì kan pàtó tí mò ń lọ. Màá ti inú vọ̀n (ọ̀nà kéékèèké inú àdúgbò) bọ́ sínú vọ̀n, màá yọ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá, màá dúró wo àwọn obìnrin tí wọ́n ń to tòmátì sórí àtẹ, màá wá rọra sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí mo ti lè rí ọ̀sà. Tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ni mo tó ń yí padà.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò mí. Onízẹ́mì (ọlọ́kadà tó ń gbérò) kan á dín eré kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á tẹ fèrè, màá mi orí. Kò tíì lọ tán tí òmíràn á fi dé. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ nítòsí ilé wa tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí nǹkan ò bá rọgbọ, kí n má tijú, kí n wá máa gba ẹ̀kọ láwìn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ṣì ń rìn nínú yín? Ibo lẹ ń gbà, kí lẹ sì ń rí? Mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera o. Ìyẹn ti pọ̀ lórí rédíò.

Zẹ́mì_kò_sùn

Ẹ̀gbọ́n, àṣé ẹ̀yin lẹ máa ń mi orí fún wa láàárọ̀ Sátidé! Ẹni tó bá kọ́kọ́ mi orí fún onízẹ́mì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ mọ̀ pé ó ti ba ọjà ọjọ́ yẹn jẹ́.

Àwàdà ni o. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè tòótọ́. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá, àní ìgbà tí kò níye. Kí lẹ fi ẹsẹ̀ rí níbẹ̀ tí èmi kò rí lórí ọ̀kadà?

Bàbá_Ògánlá

Zẹ́mì, ọmọ mi, ìkíni ni. Ilé kò ní sá lọ, o lè padà wá wò ó lọ́jọ́ mìíràn. Ìkíni lo ń pàdánù.

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ sílé ìwé, mo sì mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ tètè kúrò nílé, kì í ṣe torí pé ọ̀nà jìn, bí kò ṣe torí àwọn tí màá kí. Òfin rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tó ń kọjá ló ń kí ẹni tó jókòó. O ní "Ẹ kú ìjókòó o", wọ́n ní "Ẹ kú ìrìn". Tí o bá kọjá lára àwọn tó ń dirun, "Ojú gbooro o." Tí o bá dé ìdí ayò, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Wọ́n á dá ọ lóhùn pé ọ̀ta ní ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Ẹni tó ń pa lọ á fẹyín, ẹni tí wọ́n ń pa á fojú pa ọ́ rẹ́ bí ẹni pé ìwọ lo ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Ta ló lè kí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ látorí zẹ́mì? Kí o tó ní "Mo kí ọ̀ta", o ti dé Wándo.

Àjàṣẹ́ wá tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí o tó la ẹnu, o gbọ́dọ̀ ti mọ èdè tí o máa fi kí. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ṣé "Ẹ káàárọ̀ mà" ni, àbí "A fọ́n gánjí à?" ti àwọn Gùn? Ọkùnrin tó gbé fáìlì sábẹ́ abíyá yẹn ńkọ́? "Bọ́ńjúù" ni tòun, ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó jẹ́ pé Yorùbá lo máa fi kí i, Gùn ni á fi dáhùn, Faransé ni á fi béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé òun yí èdè. Mo ti ń wo ojú èèyàn mọ èdè láti kékeré, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń mú mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo fi Gùn kí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ó wá ra ọjà.

Ẹni tó bá ń kánjú, kó má gba àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Wándo

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, mo rẹ́rìn-ín, mo sì kanra díẹ̀.

Èmi, ẹja gbígbẹ ni mò ń tà. Ẹsẹ̀ ni mo ti ń fi rìn láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, kò sì sẹ́ni tó pè é ní fàájì rí. Lọ́jọ́ ọjà Wándo, tó ń ná lọ́rọọrún, agbọ̀n á wà lórí, ọmọ á wà lẹ́yìn. Bí ẹrù bá wà lórí èèyàn, ọrùn ò ṣe é yí, ojú ò ṣe é gbé sókè. Ilẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ibi tí omi dá sí, ibi tí pafé (òkúta tí wọ́n tò sójú ọ̀nà) ti yọ, ibi tí wọ́n ti da omi ọṣẹ sójú ọ̀nà. Ẹ má bínú sí ìyá ẹlẹ́kọ yẹn. Ní tiwa, ẹni tó ń rìn tí kò gbé nǹkan kan, tí kò sì lọ síbì kankan, ó yẹ kéèyàn béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Ṣùgbọ́n màá sọ tèmi fún yín. Lọ́jọ́ tí ọjà bá tà tán, tí agbọ̀n bá ṣófo, mo máa ń da ojú rẹ̀ dé, màá gbé e sórí bẹ́ẹ̀, màá so owó mọ́ ìdí ìró. Lọ́jọ́ yẹn, zẹ́mì kankan ò lè gbé mi. Màá yà síbí, màá yà sọ́hùn-ún. Màá ra wàgàṣì (wàrà àwọn Fúlàní), màá ní kí wọ́n bá mi dín in lójú ẹsẹ̀, màá máa jẹ ẹ́ lọ. Màá dúró gbọ́ ìjà tọkọtaya tí kò kàn mí. Lọ́jọ́ tí ọjà kò bá tà ni mo máa ń gun zẹ́mì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú mi.

Ọmọ_Àtakè

Ìyá, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, mo tún un kà.

Zẹ́mì_kò_sùn

Èmi náà. Mo ti gbé ìyá kan bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí, kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Mo rò pé ó ń bínú sí owó tí mo pè ni.

Másọ̀n_Àgùdà

Bàbá ní ilé kò ní sá lọ. Ẹ dákun, ní Àjàṣẹ́ yìí, ilé ń sá lọ o! Iṣẹ́ másọ̀n ni mò ń ṣe, ilé àwọn Àgùdà àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù láti tún ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sówó níbẹ̀.

Àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíì padà dé láyé àtijọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, àwọn ló mú irú ìkọ́lé yẹn wá: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga tí orí rẹ̀ tẹ̀, òdòdó àti ẹyẹ tí wọ́n mọ sára ògiri, ọ̀dà oríṣiríṣi. Mọ́ṣáláṣí ńlá tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ ni àgbà wọn. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bahia ní Bràsíì ló sì wà lójú inú àwọn tó kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlejò fi ń bi wá bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́. Rárá o. Mọ́ṣáláṣí ni láti ìpìlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń pa àwọn ilé kéékèèké tó yí i ká. Ògiri amọ̀ ni wọ́n. Àwọn àgbà fi ẹfun tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn rẹ́ ẹ lójú, irú ìrẹ́lé bẹ́ẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí ògiri mí: omi tó bá wọlé á rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé bá wá rí i pé ojú ògiri ti ń ṣí, wọ́n á pe másọ̀n kan, onítọ̀hún á fi sìmẹ́ńtì bò ó mọ́lẹ̀. Ó dán, ó mọ́, gbogbo ilé á dúpẹ́. Omi tó wà nínú kò wá rí ibi gbà jáde mọ́, amọ̀ á máa rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí páànù bá tún lọ jò, ògiri á yọ́ bí iyọ̀ tí òjò bá lóde. Ẹ ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ó rí i pé ìdajì ilé ti jókòó sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rìn, ẹ gbójú sókè. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ń rí: ṣọ́ọ̀bù, páálí, àwòrán fóònù, ìgò pẹtiróòlù tí wọ́n tò sórí tábìlì. Òkè ni iṣẹ́ wà. Ilé kan wà tí mo máa ń gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n mọ ẹyẹ méjì kọjú síra wọn lórí fèrèsé rẹ̀. Orí ọ̀kan ti já. Igi ọ̀dàn kékeré kan ti hù sáàárín wọn, ewé rẹ̀ ń dán, ó ń gbádùn ayé rẹ̀. Gbòǹgbò igi yẹn ló máa la ògiri náà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni màá bi kí n tó gun òrùlé onílé lọ fà á tu? Àwọn ọmọ olóhun ń bẹ ní Kútọnu, ní Èkó, ní Faransé, wọn ò sì fẹnu kò lórí ẹni tó ni ín. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ogún ló ń wó wọn, òjò kàn ń parí ẹ̀ ni.

Ẹ má dúró sábẹ́ irú wọn nígbà òjò o. Mo bẹ̀ yín.

Bàbá_Ògánlá

Másọ̀n, o ṣeun. Mo gbà pé ilé ń sá.

Àbẹ̀kẹ́_ọmọ_ilé_ìwé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa obìnrin tí a kò gbé ẹja lórí.

Èmi náà fẹ́ràn kí n máa rìn láìnídìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọbìnrin bá ń rìn láìnídìí, gbogbo ẹni tó jókòó lójú ọ̀nà ló máa bá a wá ìdí. "Àbúrò, ibo lò ń lọ?" "Àbúrò, ṣé kí n sìn ọ́?" Bí o kò bá dáhùn, o gbéraga. Bí o bá dáhùn, o ti gbà. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo máa ń mú gálọ́ọ̀nù òfo kan dání. Kékeré ni, kò wúwo. Ẹni tó bá rí mi á rò pé wọ́n rán mi ní epo, á sì jẹ́ kí n máa lọ. Gálọ́ọ̀nù yẹn ti dé gbogbo ibi tí èmi dé ní Àjàṣẹ́ yìí, ẹyọ epo kan ò kán sínú ẹ̀ rí.

Ti alẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin lè máa sọ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà dára lálẹ́, àti pé ẹ pàdé Zángbétọ̀ tó ń ṣọ́ ìlú, pé ẹ yà fún un, ó kọjá. Tí Orò bá wà lóde, inú yàrá ni mo wà, fèrèsé ní títì. Mi ò sọ pé kó má wà o. Mo kàn ń sọ pé ìlú tẹ́ ẹ̀ ń rìn àti èyí tí mò ń rìn, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Alàgbà_ìta

Àbúrò, wọ́n máa ń kéde Orò kó tó jáde. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Ohun tí àwọn baba wa fi lélẹ̀, kò yẹ ká máa gbé e wá sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbẹ̀kẹ́_ọmọ_ilé_ìwé

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bú Orò. Wọ́n béèrè bí a ṣe ń rìn, mo dáhùn.

Alábòójútó

Àwọn méjèèjì ti sọ̀rọ̀, a sì ti gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọ̀rọ̀ Orò lọ, kó ṣí ojú ewé mìíràn fún un. Ẹ jẹ́ ká padà sójú ọ̀nà.

Ìyá_Wándo

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, nígbà tèmi, garawa omi ni. Odò kò jìnnà, wákàtí kan ni mo máa ń lò níbẹ̀. Ìyá mi mọ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa ti òdìkejì. Láti Èkó ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Ilé wa kò jìnnà sí Campos Square, nítorí náà èmi náà mọ ilé Àgùdà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń wó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn másọ̀n pé kéèyàn gbójú sókè, kò ṣe é lò lọ́dọ̀ wa. Bí o bá gbójú sókè ní Ìdúmọ̀tà, kí o tó gbé e wálẹ̀, fóònù ti lọ, dánfó sì ti fi ẹ̀gbẹ́ nù ọ́ lára.

Mo fẹ́ wá lo òpin ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ yín. Ìdí-Ìrókò ni màá gbà, kí n gba Ìgólò wọlé. Bí mo bá ní ọjọ́ kan péré tí mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Mi ò gbọ́ Faransé o, "mẹ̀rsí" nìkan ni mo mọ̀.

Kétu_Àkábà

Ọmọ Èkó, bí o bá ti kọjá Ìgólò, má tíì yà sí Àjàṣẹ́. Máa bọ̀ lókè lọ́dọ̀ wa ní Kétu.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ìrìn ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ọkọ̀ wíwọ̀, kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gba Àkábà Ìdẹ̀nà wọ ìlú. Ọkọ̀ ń gba ọ̀nà ọ̀dà tirẹ̀ kọjá, kò mọ nǹkan kan. Ẹlẹ́sẹ̀ ló máa rí yàrà tí àwọn baba wa gbẹ́ sí ìta odi, tó máa bọ́ sábẹ́ ilé ẹnubodè, tí òkùnkùn á bò ó fún ìṣísẹ̀ mélòó kan kó tó tún rí oòrùn nínú ìlú. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe: ogun tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fún ara rẹ̀ gba ibi tóóró yẹn, àwọn onílé á sì ti wà nínú, wọ́n ń dúró dè é. Àwọn àgbà ní ìlẹ̀kùn yẹn máa ń ti ara rẹ̀ lálẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ná.

Ní 1886, ìjọba Dahomey borí wa, wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ. Ẹ̀yìn tí Dahomey fúnra rẹ̀ ṣubú ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún Kétu dó. Torí náà, bí mo bá ń gba Àkábà kọjá, ọwọ́ mi máa ń lọ sára ògiri. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn mìíràn tó ń ṣe é.

Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá bọ́ sí ìgbà tí o wá, o ti rí ìrìn tí o fẹ́. Wàá máa tẹ̀lé ìlù láti ibi tí o kò mọ̀ lọ síbi tí o kò mọ̀.

Ará_Ṣábẹ

Ẹ̀yin ará Kétu pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn yín! Ní Ṣábẹ, òkè ni ìlẹ̀kùn wa. Ibi yòówù kí o yà sí láàárín ìlú, gbójú sókè, wàá rí àwọn àpáta ńláńlá yẹn, wàá mọ ibi tí o wà. Àlejò kì í sọnù lọ́dọ̀ wa. Èmi máa ń fẹ́ràn láti tẹ̀ lé ojú irin rélùwéè, èyí tó wá láti Kútọnu lọ sí Pàrákú. Ọkọ̀ èrò kò gba ibẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di ọ̀nà ẹsẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni oòrùn. Ẹ má dán an wò lọ́sàn-án, ní oṣù Mách, àpáta yẹn á máa fẹ́ ooru sí yín lára títí di alẹ́.

Ọmọ_Àtakè

Ọmọ Èkó, má dá àwọn ará òkè lóhùn, Àjàṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ wá. Ohun tí èmi máa ṣe rèé tó bá jẹ́ èmi ni.

Bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù níwájú ère ọba Tòfá. Òun ló jọba láti 1874 títí di 1908, tó bá àwọn Faransé da ọ̀rọ̀ pọ̀ nítorí ìbẹ̀rù Dahomey. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé gbàgede tí ère ọba wa dúró sí, orúkọ Jean Bayol, òyìnbó ìjọba amúnisìn, ni wọ́n fi ń pè é. Ọba ń dúró ní ilé onílé. Láti ibẹ̀, wá ààfin rẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ti sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Họ̀nmẹ̀. San owó, wọlé, má kánjú. Kí o wá gba mọ́ṣáláṣí ńlá àti ọjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jẹun níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbàgbé máàpù orí fóònù. Wọ inú vọ̀n. Ibẹ̀ ni wàá ti rí àwọn gbàgede kéékèèké níwájú ojúbọ Vodun, tí wọ́n ti tún ṣe láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tí wọ́n ya àwòrán sára ògiri wọn. Bí àwọn àgbà bá jókòó síbẹ̀, kí wọn kí o tó dúró wo nǹkan, béèrè kí o tó ya fọ́tò. Bí o bá sọnù, má béèrè orúkọ títì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Sọ pé ilé ta lò ń wá. "Ẹ̀yìn ilé Hájì aláràn", "iwájú ilé ìyá oníbúrẹ́dì tó ti kú", bí a ṣe ń júwe nìyẹn.

Bí oòrùn bá ti gun orí, lọ sábẹ́ igi ní ọgbà Jardin des Plantes. Àwọn ìrókò tó wà níbẹ̀ ti wà kí Faransé tó dé, igbó ọba ni ibẹ̀ nígbà kan. Má bẹ̀rù èdè. Yorùbá á mú ọ láti òwúrọ̀ dé alẹ́ níbí, ìwọ̀nba ibi tí kò bá ti mú ọ, rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bàbá_Ògánlá

O gbàgbé Abẹ̀sàn. Ọmọ Èkó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àwọn ọdẹ Yorùbá wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe dá ìlú yìí sílẹ̀. Wọ́n ní òkìtì ọ̀gán kan ni wọ́n bá, abàmì kan olórí mẹ́sàn-án sì jáde látinú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ ọ́. Ojúbọ rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Ó tó wò, kò tó fọwọ́ kàn.

Ìyá_Wándo

Tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí ó dé Wándo. Ilé oko Songhaï tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985 wà lápá ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀, kó lọ mu omi èso tútù. Kó wá ra ẹja lọ́wọ́ mi lẹ́yìn náà. Mi ò ní sọ ọ́ lówó ará Èkó.

Zẹ́mì_kò_sùn

Ìyá, a mọ̀ yín!

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi ìmọ̀ tèmi kún un. Bí òjò bá rọ̀ ní òru, ẹ má gba ìsàlẹ̀ lápá ọ̀sà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi kì í tètè fà níbẹ̀, ẹrẹ̀ á gba bàtà lẹ́sẹ̀ yín. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti lẹ pafé dáa fún ẹlẹ́sẹ̀, kò dáa fún ẹ̀yìn wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi pafé sí ọ̀nà ilé mi ni egungun ẹ̀yìn ti ń dùn mí, tí ìyàwó mi sì ń sọ pé ọ̀nà ti dáa. Àwọn vọ̀n oníyanrìn, ẹ wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Mo sì ti ronú sí ọ̀rọ̀ bàbá. Láàárọ̀ yìí, mo pa ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta ayò nítòsí ibùdókọ̀ wa, mo ní "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ." Wọ́n wò mí. Ọ̀kan béèrè pé ta ni mo wá gbé.

Bàbá_Ògánlá

Wọn kò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu onízẹ́mì rí ni. Tún un ṣe lọ́la.

Àbẹ̀kẹ́_ọmọ_ilé_ìwé

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Àtakè, kí ló dé tí a kò fi rìn pọ̀ ní Sátidé kan? Bí a bá pọ̀, mi ò ní nílò gálọ́ọ̀nù. Másọ̀n á júwe ilé, bàbá á kọ́ wa ní ìkíni. Kí Ọmọ Èkó náà fi ọjọ́ tirẹ̀ sí i.

Másọ̀n_Àgùdà

Mo wà ńbẹ̀. Kí oòrùn tó mú o. Màá fi ẹyẹ yẹn hàn yín.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó

Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí n tún ìwé ìrìnnà mi ṣe. Ẹ má fi mí sílẹ̀ lọ.

Ọmọ_Àtakè

Ó dáa. Níwájú ère Tòfá, aago méje àárọ̀, Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ kúkú mọ̀ pé aago méje tòótọ́ ni mo sọ, kì í ṣe aago méje ọjọ́ ìnáwó.

Zẹ́mì_kò_sùn

Èmi á dúró sí ẹ̀yìn yín pẹ̀lú ọ̀kadà. Ẹni tó bá pẹ́, màá gbé e bá yín ní ìdajì owó. Ẹni tó bá rẹ̀ lọ́nà, owó rẹ̀ pé.